Ó Kí Àna Tán Kó Tó Gun Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹ bá ń sáré ìje lórí alùpùpù, tí ẹ̀yin lẹ wà níwájú, tí ẹ sì rí bàbá ìyàwó yín tó fi ọ̀pá tilẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, tó ń wò yín bọ̀, ṣé ẹ ó kọjá bí ẹni tí kò rí i ni, àbí ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ dọ̀bálẹ̀?

Ẹ má yára dáhùn. Bàbá tó bí bàbá mi, Ògúnlànà ọmọ alágbẹ̀dẹ Ìjerò, ti dáhùn rẹ̀ ní gbangba rí, ìdáhùn rẹ̀ sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó dáhùn ìbéèrè kan náà lọ́nà mìíràn. Ìdáhùn kejì yìí ni gbogbo ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ń ròyìn títí di òní.

Erin ti wó báyìí, a ti sin ín. N kò ní í to ìgbésí ayé rẹ̀ láti orí ẹní ìkúnlẹ̀ ìyá rẹ̀ dé ẹnu ibojì. Àwọn tó kàwé lọ́jọ́ ìsìnkú ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Irú ènìyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí a lè mọ ọjọ́ tí wọ́n bí àgbà kí a má mọ àgbà náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi alùpùpù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní máṣíìnì. Bàbá kì í ta á ní ìpá láì kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi tí epo wà, bí ẹni tí ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Yóò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà, yóò tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà kan, ọmọ mi kan wá láti Adó lórí alùpùpù tuntun, ó ní òun kò sá eré púpọ̀ lójú ọ̀nà. Bàbá rọra fọwọ́ kan irin rẹ̀, ó yára fa ọwọ́ padà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀, ó sì wo ojú ọmọ náà: "Máṣíìnì kì í purọ́. Ẹni tó gùn ún ló ń purọ́."

Kí ó tó rin ọ̀nà jíjìn, uṣu sísun àti epo pupa ló gbọ́dọ̀ jẹ. Kì í jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò. Ó ní afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, afẹ́fẹ́ kì í sì gbé ènìyàn gun òkè. Bí Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, bá ní kó rọra jẹun, kò sẹ́ni tó ń lé e, yóò ní: "Torí pé wọn ò tíì máa lé mi nísinsìnyí ni mo ṣe ń jẹ ẹ́."

Èdè-àìyedè rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọlọ́kadà kò mọ níwọ̀n. Ẹni tó bá gbé èrò mẹ́ta sẹ́yìn kọjá níwájú ilé wa, ó gbé ìjà rẹ̀ bọ̀ nìyẹn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lára máṣíìnì ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí ní oríta Àrámọ̀kọ, tí obìnrin méjì àti àpò gàrí kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ọmọdé kan sì jókòó sórí táǹkì epo níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọjà ni a ń lọ."

"Àbí ẹ ti di ọjà fúnra yín?"

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ọlọ́kadà náà rẹ́rìn-ín tipátipá. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó mú kí ọmọdé náà sọ̀ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi máṣíìnì tirẹ̀ gbé e dé ọjà. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ó ní: "Ọ̀nà kì í bẹ ẹnikẹ́ni, ìwọ ni kí o máa bẹ ọ̀nà."

Níbo ni ó ti kọ́ gbogbo èyí? Ìdílé ọlọ́gùn-ún ni wọ́n bí i sí, kò bẹ̀rù irin láti kékeré. Ṣùgbọ́n Agadésì ní ilẹ̀ Nìjẹ́ ló ti rí ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí a mọ̀. Ó bá oníṣòwò kan tó ní ọkọ̀ ẹrù lọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mẹ́káníìkì, ó sì dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àkókò náà ni eré ìje ńlá tí àwọn òyìnbó ń fi alùpùpù àti mọ́tò sá la aṣálẹ̀ já ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti olú ìlú Faransé ni wọ́n ti ń gbéra. Wọ́n á wọkọ̀ ojú omi, wọ́n á bọ́ sílẹ̀ ní Àlùjíríà, wọ́n á gba inú yanrìn kọjá sí Agadésì, wọ́n á gba Málì, kí wọ́n tó dé Dákà létí òkun Sẹ̀nẹ̀gàà. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kò ní ọ̀nà kankan. Ẹni tó bá ṣìnà, oòrùn àti òkúta ni yóò bi léèrè ọ̀nà.

Bàbá ní lọ́jọ́ tí wọ́n wọ ìlú náà, eruku ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni ariwo dé, ẹ̀yìn èyí ni ènìyàn tó wá dé. Ọ̀kan nínú wọn ti máṣíìnì rẹ̀ wá sí ìsọ̀ Bàbá, sípóòkù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Bí Bàbá ṣe ń tún un ṣe, ọ̀gbifọ̀ kan ṣàlàyé pé ọkùnrin yìí ti wà lára àwọn aṣíwájú, ṣùgbọ́n ó bá ẹnìkan tó ṣubú nínú yanrìn, ó dúró tì í títí dókítà fi dé, gbogbo ayé sì ti fi í sílẹ̀ lọ. Bàbá bi í pé ṣé wọn kò ní dá àkókò náà padà fún un ni. Òyìnbó náà gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Nígbà tí Bàbá bá ròyìn dé ibí yìí, ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀: "Mo rí ẹni tó pàdánù odindi ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè."

Nígbà tó darí wálé, ó ní Èkìtì kò ní aṣálẹ̀, ṣùgbọ́n Èkìtì ní òkè. Ó kó àwọn tó ní máṣíìnì jọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì dá eré ìje sílẹ̀: láti Ìjerò sí Ara, sí Àrámọ̀kọ, sí Ìkọ̀gòsì, kí wọ́n tó gun òkè lọ parí rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. Wọn kò ní í gba ọ̀nà ọ̀dà. Ọ̀nà oko ni, ẹrẹ̀ ni, òkúta ni. Ẹ̀bùn eré náà ni agogo irin ńlá kan tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ní àgbẹ̀dẹ. Ìlú tó bá gbégbá orókè ni yóò gbé e sọ́dọ̀ fún ọdún kan. Bí ìlú kan bá gbégbá orókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, agogo di tiwọn títí ayé.

Ilé wa gbóná lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ èyí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin di ọ̀já mọ́nú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ògúnlànà, ohun tí bàbá wa fi òógùn rọ lo fẹ́ gbé fún ará ìta? Bí o bá pàdánù rẹ̀, má padà wọ ulé yìí!"

Bàbá ti ń fi òróró nu agogo náà. Kò gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, irin tí kò bá rí ojú ọ̀nà, ó máa dógùn-ún ni."

Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n máa ń búra pé àwọn kò ní í ṣe màgòmágó, àwọn kò sì ní í purọ́ ohun tí àwọn bá rí lójú ọ̀nà. Àwọn onígbàgbọ́ a gbé ọwọ́ lé Bíbélì, àwọn ọlọ́gùn-ún a fi ètè kan agogo náà. Bàbá ni ó ṣètò eré, Bàbá sì wà lára àwọn tó ń sá a, ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ! Àwọn géńdé a máa yọ ṣùtì sí i: "Bàbá, ẹ rọra o, eegun yín ò ní sípéà páàtì!"

Ẹni tó wá di egbò sí i lẹ́sẹ̀ ni Akínbọ̀dé. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni, ara rẹ̀ le, ó mọ òkè bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, àbúrò Ìyá Àgbà ni. Àna Bàbá ni, bí ó tilẹ̀ kéré sí i púpọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé nílé tiwa, àna kì í kéré.

Lọ́dún kìíní, omi wọ púlọ́ọ̀gì máṣíìnì Bàbá nígbà tó ń sọdá odò ní Ìkọ̀gòsì. Ó ń ti máṣíìnì gòkè nígbà tí Akínbọ̀dé ti ń jẹ àádùn ní Ẹ̀fọ̀n. Agogo lọ.

Lọ́dún kejì, Bàbá fi ọ̀rá wé púlọ́ọ̀gì rẹ̀, odò kò lè mú un. Ó jáde ní Ìkọ̀gòsì, kò sí ẹnìkan níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Akínbọ̀dé ti ro ti òkè tán. Ní kọ́nà kìíní, ta ni Bàbá rí? Bàbá ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ẹ̀fọ̀n, òun náà ni adájọ́ ìparí eré! Ó fi ọ̀pá tilẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, níbo lò ń sáré lọ bẹ́ẹ̀?"

Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ó béèrè àlàáfíà ilé, ó gun máṣíìnì, ó gbéra. Ní kọ́nà kejì, àbúrò bàbá ìyàwó rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ní kọ́nà kẹta, ìyá arúgbó kan tó gbé àpótí ìjókòó wá látilé: "Ọkọ wa, àbí o ò mọ̀ mí mọ́ ni? Èmi ni mo ru ẹrù ìyàwó rẹ o!" Ó dọ̀bálẹ̀. Bí ó ti ń béèrè àlàáfíà ẹsẹ̀ tó ń dun màmá náà ni Akínbọ̀dé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè: "Àna mi, ẹ kú ìkíni o!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn ní Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ náà. Bàbá dé, aṣọ rẹ̀ pupa fún eruku láti àyà dé orúnkún. Kò bínú. Ó ní kí wọ́n dá àkókò ìkíni òun padà. Bàbá Ẹ̀fọ̀n ní láéláé, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́yàwó lófẹ̀ẹ́ nìkan ni kì í kí àna. Nígbà náà ni Bàbá bẹ̀bẹ̀ fún òfin mìíràn: ẹni tó bá dúró ti ẹni tó ṣubú lójú ọ̀nà, kí a dá àkókò rẹ̀ padà fún un.

"Ẹ gbà fún un, bàbá mi," ni Akínbọ̀dé wí, ó gbé agogo há abíyá. "Ta ni yóò ṣubú?" Bàbá Ẹ̀fọ̀n gbà, ó di òfin.

Bí Ẹ̀fọ̀n ṣe ní agogo lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ó ku ẹyọ kan, kó di tiwọn títí ayé. Ní Ìjerò, ẹ̀gbọ́n Bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́; oúnjẹ tó bá wà lórí tábìlì ló ń bá sọ̀rọ̀ bí Bàbá bá wọlé. A bi Ìyá Àgbà pé ẹ̀yìn ta ni ó wà, ẹ̀yìn ọkọ ni àbí ẹ̀yìn àbúrò. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní: "Ẹ̀yìn ẹni tó bá ní àpọ́nlé ni mo wà, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa du ìyẹn."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ló la Bàbá lójú. Nígbà tí eré ọdún kẹta ku ọ̀la, ó di uṣu rẹpẹtẹ sẹ́yìn ọkọ̀ kan, ó mú Ìyá Àgbà àti àwa tí a ti gbọ́njú dání, ó di Ẹ̀fọ̀n. Agboolé kan kò ṣẹ́ kù nínú ti àna rẹ̀ tí kò wọ̀. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò gbé uṣu kalẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀: "Èyí ni ti òní." Yóò dìde, yóò gbọn ara, yóò tún dọ̀bálẹ̀: "Èyí ni ti ọ̀la."

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹ̀fọ̀n, arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ògúnlànà! O ti kí wa tán! Bí mo bá tún dá ọ dúró lọ́la, kí òkè yìí bi mí léèrè."

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n búra, wọ́n gbéra. Àwa wà ní Ẹ̀fọ̀n lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, a sì ń gbọ́ ariwo láti kọ́nà dé kọ́nà bí iná ọ̀dàn. Àwọn àna kan náà ni wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà, ewé ni wọ́n ń jù lọ́wọ́: "Má sọ̀ kalẹ̀ o! O ti kí wa lánàá! Máa lọ, ọkọ wa!" Ìyá arúgbó orí àpótí dìde dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Akínbọ̀dé ló wà níwájú, Bàbá sì ń lé e bọ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kẹ́yìn, ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ sí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máṣíìnì Akínbọ̀dé yọ̀, ó gbé e lulẹ̀, ó sì wó lé e lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà wá là gbòò níwájú Bàbá. Agogo baba rẹ̀ wà ní òkè lọ́hùn-ún. Bí ó bá kọjá, òfin kankan kò ní í bá a wí.

Bàbá dúró. Àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń sọ ìyókù fún wa, tí ọ̀kan á máa já a gbà mọ́ èkejì lẹ́nu.

"Ẹ máa lọ, àna mi! Agogo ń dúró dè yín!"

"Agogo ò ní ẹsẹ̀, kò lè lọ síbì kan. Ẹsẹ̀ tìrẹ ni mo ń wò." Bàbá gbé máṣíìnì náà kúrò lára rẹ̀. Akínbọ̀dé ṣì dojú bolẹ̀ nínú eruku, ó na gbalaja. Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìdọ̀bálẹ̀ yìí ti tó, àna mi. Mo ti jẹ́ ẹ. Dìde."

Eegun ti kán, síbẹ̀ ẹ̀rín pa á. Bàbá gé igi, ó tú bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọmọkùnrin Àrámọ̀kọ tó ṣìkẹta fi yọ sí wọn. Ó ní kí òun dúró. Bàbá ní kó máa lọ, kí ó sọ fún wọn kí wọ́n wá oníṣègùn eegun sílẹ̀.

Ọmọ Àrámọ̀kọ ló kọ́kọ́ wọ Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n ti gbé e sọ́rùn nígbà tí a gbọ́ ẹ́ńjìnnì mìíràn. Máṣíìnì kan ni, ènìyàn méjì ló gbé: Bàbá níwájú, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, Akínbọ̀dé lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ bí ọ̀pá. Kí wọ́n tó dúró dáadáa ni ọmọ Ẹ̀fọ̀n náà ti figbe ta:

"Ẹ dá àkókò rẹ̀ padà! Bàbá mi, ẹ dá àkókò rẹ̀ padà fún un!"

Bàbá Ẹ̀fọ̀n ní kí wọ́n gbé agogo wá, ó nà án sí ọmọ Àrámọ̀kọ. Ọmọkùnrin náà fi ètè kan irin.

"Níbo lo ti kọjá Ògúnlànà?"

Ọmọkùnrin náà wo àwọn ará ìlú rẹ̀ tó gbé e sọ́rùn, ó wo agogo. "Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti bá a, ó ń di ẹsẹ̀. Yàtọ̀ sí ibẹ̀, láti Ìjerò wá, eruku rẹ̀ nìkan ni mo rí." Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn wọn.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n gbé agogo fún Bàbá, ó sì kọjú sí àwọn èèyàn rẹ̀ tó ń kùn: "Ẹni tó kí wa kó tó dé, tó tún gbé ọmọ wa dé. Bí a bá gba ohun baba rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò tún kí wa?"

Ariwo tó ta lẹ́yìn èyí, Ìyá Àgbà ní wọ́n gbọ́ ọ ní Ìdó-Ilé. A ṣẹ́ ewé, a kọrin títí dé Ìjerò. Ẹ̀gbọ́n Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tó dúró sí lọ́jọ́ ìjà. Ó gba agogo náà, ó fi ìdí ìró rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀ tó ṣì ń di ṣòkòtò mú. "Wọlé wá jẹun," ni gbogbo ohun tó wí.

Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé tí kò lè gun máṣíìnì mọ́, eré ńlá ti àwọn òyìnbó náà ti ṣí kúrò ní Áfíríkà. Nítorí àìfararọ ọ̀nà, wọ́n gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, wọ́n tún gbé e lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, orúkọ Dákà ló sì ń jẹ́ síbẹ̀. Ìyẹn dun Bàbá. "Wọ́n gbé eré lọ, wọ́n gbé orúkọ lọ," a ní, "aṣálẹ̀ nìkan ni kò gbà kí wọ́n gbé òun."

Síbẹ̀ a máa ń fi fóònù hàn án. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan ṣubú nínú yanrìn, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró tì í. Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé wọ́n ti dá àkókò rẹ̀ padà fún un, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin wọn báyìí. Bàbá gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó sún un mọ́ ojú, ó fi ọwọ́ lu itan: "Òfin Ẹ̀fọ̀n nìyẹn! Ta ló lọ sọ fún wọn?"

Ojú oorun ló gbà lọ, lórí ibùsùn rẹ̀ ní Ìjerò, ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Akínbọ̀dé wá láti Ẹ̀fọ̀n. Ó ti di arúgbó, ó ń tiro lórí ẹsẹ̀ ọjọ́ náà. Àṣà kò ní kí ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí òun ni àna. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀ níwájú pósí, ó rọra na gbalaja.

"Èyí ni ti òní," ni ó wí.

A gbé e dìde. Ó gbọn ara, ó yọ ọwọ́ wa kúrò, ó tún dọ̀bálẹ̀.

"Èyí ni ti ọ̀la."

Òun ló lu agogo irin náà nígbà tí a ń gbé Bàbá lọ sí ibojì. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó gbé e padà sórí ìṣó tí a máa ń fi í kọ́ ní ilé wa ní Ìjerò, ó sì wọ ọkọ̀ padà sí Ẹ̀fọ̀n.